Ìwọ̀n Ilé Ọgbọọgba

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi bàbá mi yangàn díẹ̀ ná, kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe. Iṣẹ́ ìwọ̀n ni iṣẹ́ wọn. Gbogbo ìwọ̀n tó wà ládùúgbò wa, ti alápatà, ti àwọn tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, ti ilé ìfìwéránṣẹ́, títí dé èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá. Bí ìwọ̀n bá ń purọ́, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á ha ibi tó ti dógùn-ún, wọ́n á pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀, wọ́n á sì gbé irin ìwọ̀n tiwọn lé e títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró síbi tó yẹ kó dúró. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè wọ́n ní Ọgbọọgba. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ mìíràn, àwa ọmọ wọn sì di ọmọ Ọgbọọgba.

Alápatà kan wá bá wọn nígbà kan, ó ní kí wọ́n kàn bá òun ti abẹ́rẹ́ síwájú díẹ̀, ìwọ̀nba tí ojú oníbàárà kò ní tètè rí. Bàbá mi kò bá a jà. Wọ́n gbé ìwọ̀n rẹ̀ fún un bó ṣe gbé e wá, pẹ̀lú sípíríǹgì tó ti já, wọ́n ní kó lọ wá ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi padà wá bẹ̀bẹ̀. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, orí mi a máa wú, kò sì sí ẹni tí mi ò tíì sọ ọ́ fún.

Ẹ wá gbọ́ o: nínú gbogbo ìwọ̀n tó ti kọjá lọ́wọ́ wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni bàbá mi kọ́ ní irọ́ pípa, inú yàrá ìyá mi ni ẹyọ kan náà sì wà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni ìyá mi ń tà ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé gíláàsì kan, láti ìdájí títí di ọ̀sán. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà oorun wọn kì í tó nǹkan. Kí wọ́n má baà máa tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á mu ẹlẹ́rìndòdò tútù kan ní aago mẹ́jọ, wọ́n á mu òmíràn ní aago mẹ́wàá. Búrẹ́dì àti bisikíìtì ló máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, torí èrò kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè dìde lọ jẹun. Bí wọ́n bá délé, á ti rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n á jẹ oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì sùn lé e lórí. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó jọ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kí a tó mọ̀, ìyá mi ti sanra débi pé wọ́n máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ilé wa tán.

Àbígbẹ̀yìn wa náà ń bá wọn bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó wà ní ìkókó, gbogbo ẹni tó bá gbé e ló ń kí wa kú oríire: ọmọ yìí ń jẹun, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wo itan! Ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìkíni parí. Táńkì ni wọ́n ń pè é níléèwé. Nígbà tó sì ti di Táńkì, kò bá wọn ṣeré ní pápá mọ́, ó ń délé wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú bisikíìtì. Ẹ rí i bí ìyà ṣe ń bí ìyà.

Lọ́jọ́ kan, àga ṣẹ́ lábẹ́ ìyá mi lójú èrò, ẹnì kan tó wà lórí ìlà sì rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èrò náà lóòró títí ọkọ̀ fi lọ. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n tó sọ fún bàbá mi pé, “Ẹ bá mi wá ìwọ̀n kan. Ó tó gẹ́ẹ́.” Bàbá mi gbé ọ̀kan wá, olójú róbótó, wọ́n fi irin ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé pérépéré. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ìyá mi gùn ún: kílò méjìlélọ́gọ́rùn-ún.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn bọ̀ wálé láti ibùdókọ̀, àbúrò mi á sì lọ pàdé wọn lọ́nà. Lóṣù méjì, abẹ́rẹ́ ti sọ̀ sí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọn kò fẹnu kan nǹkan dídùn, wọ́n rìn títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Sátidé dé, wọ́n gun ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ sì lọ dúró lórí mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Ìyá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọn kò pariwo. “Mi ò ṣe mọ́,” ni wọ́n wí. “Ara yìí ti kọ̀ mí sílẹ̀.” Omijé ń kán sórí ọwọ́ wọn.

Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò. Ẹni tó lè wojú alápatà tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́, kó sì ní rárá, kò lè wo omijé ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé, wọ́n tú inú ìwọ̀n náà, wọ́n sì yí súkúrù rẹ̀ padà sẹ́yìn ní kílò mẹ́ta. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn fẹ́ ṣe é, kí obìnrin náà lè ní okun láti máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ìwọ̀n ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ìyá mi sì fò mọ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n bá dì mọ́ báyẹn, ṣé ó tún máa lọ yí súkúrù padà sípò?

Irọ́ kì í dá rìn. Ìyá mi sọ pé, “Bí ìwọ̀n bá ń sọ̀ báyìí, a jẹ́ pé búrẹ́dì kọ́ lọ̀tá mi.” Búrẹ́dì padà, ẹlẹ́rìndòdò tẹ̀lé e, òjò dé, ẹsẹ̀ rírìn sì dópin. Bí ara bá ti ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń yọ́ yí súkúrù. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Èmi náà ń gun ìwọ̀n yẹn, mo rí i pé mò ń fúyẹ́ láìṣe nǹkan kan, mo sì gbà pé ẹwà ló ń wọlé sí mi lára. Ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ìyá mi ní àgbẹjù. Wọ́n á mu omi, wọ́n á sáré lọ tọ̀, wọ́n á tún mu omi. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tíkẹ́ẹ̀tì ìlà-oòrùn ni wọ́n ń já fún ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Bàtà bó wọn lọ́mọ-ìka ẹsẹ̀, egbò náà kọ̀, kò jiná. Bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, wọ́n á máa han-anrun, èémí wọn á dá dúró díẹ̀, kó tó tún padà bí ẹni tó ń sáré, àwa á sì máa wojú ara wa. Àbúrò mi pàápàá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níléèwé, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Ẹ wá wo irú àṣìṣe tó jẹ́ pé ilé wa nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀. Gbàgede níbi tí gbogbo èèyàn ti ń dúró de dókítà ni ìwọ̀n ilé ìwòsàn yẹn wà, ìyá mi kò sì fẹ́ gùn ún lójú ayé. Wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ kọ iye tìwọ̀n ilé wa sílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ilé ẹni tó jẹ́.” Nọ́ọ̀sì mọ ilé ẹni tó jẹ́ lóòótọ́, ó sì kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣúgà ti gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, dókítà sì wo ìwé, ó rí i pé aláìsàn rẹ̀ ń gbẹ: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní kò jọ ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan, àfàìmọ̀ kí àrùn mìíràn má fara pamọ́ sínú tó ń jẹ ìyá náà lára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò ikùn, wọn kò rí i, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn.

Ìyá mi ti gbà pé àwọn ń kú lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n kó aṣọ wọn jáde, wọ́n ní èyí ni tìẹ, èyí ni tàbúrò rẹ, ẹ má torí aṣọ jà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá mi gbọ́, wọn kò lè jẹun. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń pinnu pé àwọn máa sọ ọ́ lọ́la, àti pé ọ̀la kì í tán.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ wá gba ìsinmi, wọ́n sì gbé tuntun wá, ọmọbìnrin kan tí kò gbọ́ orúkọ Ọgbọọgba rí. Èmi àti àbúrò mi la tẹ̀lé ìyá mi lọ lọ́jọ́ náà.

“Mà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gun ìwọ̀n.”

“Ẹ kọ tilé wa.”

“Mà, mi ò mọ tilé yín. Èyí tí mo bá rí ni màá kọ.”

Ìyá mi fi ìbínú gùn ún. Kílò mẹ́tàdínláàádọ́fà! Ìyá mi kígbe, “Irọ́ ni! Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni mí! Ìwọ̀n yín ti bàjẹ́. Ọkọ mi ni Ọgbọọgba, ìwọ̀n ilé Ọgbọọgba ò lè purọ́!” Dókítà jáde síta. Wọ́n yẹ orúkọ olùtúnṣe tó wà lára ìwọ̀n náà wò, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ Ọgbọọgba náà ló tún un ṣe lóṣù tó kọjá. Ìyá mi ní, “Ẹ pè wọ́n. Kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo wa.”

Bàbá mi ti ọmọlanke dé, àpótí irin ìwọ̀n wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wúkọ́ ní gbàgede gan-an gbé ikọ́ mì. Bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú ìwọ̀n, wọ́n to irin ogún kílò lé e níkọ̀ọ̀kan. Ogún. Ogójì. Wọ́n to márààrún tán, abẹ́rẹ́ dúró gbọn-in lórí ọgọ́rùn-ún. Wọ́n kó o kúrò, wọ́n tún un tò. Wọ́n lè sọ pé sípíríǹgì ti rẹ̀, irú ẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀, ta ni yóò bá wọn jiyàn? Ìyá mi á gbórí sókè lọ sílé, orúkọ àwọn náà á sì wà bó ṣe wà.

Bàbá mi dìde dúró. “Ìwọ̀n yìí pé,” ni wọ́n wí. “Kò fi bíńtín yẹ̀. Tilé wa ló ń purọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

“Kí lẹ sọ?”

“Ìyá wọn, èmi ni mo ń yí súkúrù ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ. Mi ò lè fara da ẹkún rẹ.”

Ìyá mi sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́: “Ṣé ẹ rò pé òótọ́ wúwo ju èmi lọ ni? Mo ti ń pín aṣọ mi o!”

Ojú kọ́kọ́ tì mí, mi ò ní purọ́. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni mo wo bàbá mi tí wọ́n dúró gbọnrangandan láàárín àwọn tí wọ́n ń tún ìwọ̀n ṣe fún, tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gbé orúkọ tí wọ́n fi ogójì ọdún kọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ìyàwó wọn lè rí ìtọ́jú tó tọ́ gbà. Orí mi wú ju tọjọ́ alápatà lọ.

Dókítà kó gbogbo wa wọlé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Mà, ẹ kú oríire, kò sí àrùn kankan tó ń jẹ yín lára níkọ̀kọ̀. Ṣúgà ni, ara tó ń wúwo ló sì ń tì í. Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ kì í ṣe alájẹkì. Ẹ jókòó fún ogún ọdún, ẹ ò sùn tó, ẹ fi ẹlẹ́rìndòdò dípò oorun. Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tó sanra?”

“Ìyá mi. Rọpárọsẹ̀ ló pa wọ́n.”

“Ẹ ò rí i? Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó wà nínú ìgbé ayé púpọ̀. Ṣúgà yìí ló ń ṣe ojú yín bàìbàì, òun ni kò jẹ́ kí egbò jiná. Ọ̀rá tó wà lọ́rùn ló ń dí èémí lójú oorun. Orúnkún, ọkàn, kíndìnrín, gbogbo wọn ló ń bá yín ru ẹrù yẹn.” Ó yíjú sí àbúrò mi. “Ìwọ, a ò ní fi ebi pa ẹ́. Ò ń ga bọ̀, kí gíga ẹ ṣáà bá ìyókù. Ẹ̀yin òbí, ọmọ kì í dá sanra. Oúnjẹ tí ẹ bá gbé síwájú ẹ̀, gbogbo ilé ni kó jẹ ẹ́.”

Ìyá mi wá bi í léèrè nípa Sátidé tí abẹ́rẹ́ gòkè lẹ́yìn gbogbo ìyà tí wọ́n jẹ. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní omi ara lásán ni, iyọ̀ tàbí àìsùn lè gbé e sókè, kò sì ní í pẹ́ tí á fi tún sọ̀. Bàbá mi fọwọ́ bojú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi bá wọn yan odì. Àbúrò mi ni wọ́n ń rán: “Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀,” bẹ́ẹ̀ bàbá ọ̀hún kò jìnnà ju apá méjì lọ. Bàbá mi ní tiwọn ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ṣe kí aládùúgbò tó bá wọn sọ ọ́, wọ́n sì ń ní kí oníkálùkù fi irin ẹlòmíràn yẹ ìwọ̀n tirẹ̀ wò. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lóòótọ́, ẹ̀dá ò láàánú. Kò sí ẹyọ kan tó yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò sí ẹyọ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ìyá mi gbé ìwọ̀n jáde sí pálọ̀. “Ẹ tún un ṣe níṣojú mi.” Bàbá mi tún un ṣe. “Láti òní lọ, mi ò ní wo abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa wò ó. Ẹ ó wá wojú mi, ẹ ó sọ iye tó jẹ́ fún mi.” Èmi mọ̀ pé ìyà ńlá ni wọ́n fi jẹ bàbá mi, torí ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà kò lè ṣe láyé yìí nìyẹn.

Ilé wa yí padà. Ìyá mi lọ bá ọ̀gá wọn, wọ́n ní àwọn kò jókòó látàárọ̀ dọ̀sán mọ́, wọ́n sì gbé wọn sídìí àyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì létí ojú irin fún ìdajì ọjọ́, níbi tí wọ́n ti ń rìn lọ rìn bọ̀. A kó ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i nínú àwo gbogbo wa, tèmi tí mo rò pé ẹwà ti wọ̀ lára náà. A ń tètè sùn. Wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé, egbò ẹsẹ̀ jiná, àbúrò mi sì tún ti ń lọ sí pápá. Lóṣù mẹ́ta, mẹ́tàdínláàádọ́fà ti di mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún.

Sátidé kan wá dé. Ìyá mi gun ìwọ̀n, wọ́n kọjú sí ògiri. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọn kò sì tètè nàró. Wọ́n gbórí sókè níkẹyìn, wọ́n lọ dúró síwájú ìyá mi, wọ́n wo ojú wọn.

“Ó lọ sókè, Ìyá wọn. Kílò kan ààbọ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ààbọ̀ ni.”

Wọn kò yẹ ojú. Omijé bọ́ lójú ìyá mi, bàbá mi rí i, wọn kò sì kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi na ọwọ́, wọ́n gbára lé èjìká bàbá mi sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ ilé ìwòsàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ wọn máa kan bàbá mi. “Mo gbọ́,” ni wọ́n wí. “Ẹ wọ bàtà, gbogbo wa la jọ ń rìn lónìí.”

A kò tíì dé ìkóríta nígbà tí aládùúgbò wa kan, tí ọ̀rọ̀ ilé onílé kì í sú, ké láti fèrèsé pé, “Ìyá Táńkì, tòní ńkọ́?”

Ìyá mi gbé àyà sókè. “Ó lọ sókè!” ni wọ́n dá a lóhùn, tó fi jẹ́ pé gbogbo àdúgbò gbọ́. “Ọkọ mi ló sọ fún mi.”